Bó o ṣe máa dúró ti egbò láìdákú: fún àwọn àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ékìtì

Àbúrò mi, tó bá jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tó o ṣubú ní wọ́ọ̀dù lò ń ka èyí, tí o ti ń rò ó pé kó o di ẹrù rẹ kó o máa lọ sílé, kọ́kọ́ jẹun ná. Mu omi. Lẹ́yìn náà kó o wá jókòó kà á. Ohun tó ṣe ọ́ lónìí ti ṣe mí rí, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pàṣẹ fún ọ ní wọ́ọ̀dù báyìí, bí wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Oṣù kejì tí wọ́n kó wa dé wọ́ọ̀dù ni tèmi ṣẹlẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹsẹ̀ màmá kan tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́ la fẹ́ wẹ̀. Báńdéèjì ọjọ́ tó ṣáájú ti gbẹ mọ́ egbò náà. Nọ́ọ̀sì tí mo tẹ̀ lé ń da omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣí i, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń ya kúrò lára ẹran, ìró kékeré kan bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò tíì pọ́n. Èmi ni mo gbé àwo dání. Mo yán. Mo tún yán. Mo rò pé oorun ni. Ètè mi tutù, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ilẹ̀ onítáìsì funfun tí mo dúró lé wá ń jìnnà sí mi. Ohùn tí mo gbọ́ kẹ́yìn, ohùn màmá tó ni ẹsẹ̀ ni: "Ẹ di ọmọ yẹn mú o! Ẹ dì í mú!"

Ìṣubú yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lé e lórí ni. Ọ̀gá kan ní tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bà mí lẹ́rù, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Nílé, màmá mi fura sí ayé, wọ́n ní ká lọ rí wòlíì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn mi gan-an ní tó bá tún fẹ́ ṣe mí, kí n máa mí kanlẹ̀, kí n fara balẹ̀, kí n dẹ gbogbo ara. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn yẹn, èyí tó dún bí ọgbọ́n jù, ti dẹ-ara-rẹ yẹn, òun gan-an ló mú mi ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ dúró lé.

Mọ ohun tí ara rẹ ń ṣe

Tó o bá rí ejò lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ á máa lù kìkì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ á lọ sókè, á sì wà lókè bẹ́ẹ̀ títí wàá fi sá lọ. Ẹni tí ejò dẹ́rù bà kì í sábà dákú. Ti ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ àti egbò yàtọ̀. Ọkàn á kọ́kọ́ yára, ìfúnpá á gòkè fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Okùn ìmọ̀lára kan wà tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn dé ọkàn àti ikùn, vagus ni ìwé Anatomy rẹ ń pè é. Ó máa ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra. Lásìkò kan náà, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ á dẹ̀, wọ́n á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sísàlẹ̀, èyí tó ń dé ọpọlọ ò sì ní tó mọ́. Ìṣubú náà ni ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe: tó o bá ti nà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò tún ní òkè kankan láti gùn, ọpọlọ á rí tiẹ̀ gbà, ojú á là.

Ṣé o ti wá rí i? Ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń dẹ̀ ni wọ́n ní kó túbọ̀ dẹ ara. Mímí kanlẹ̀ léraléra tún ń dá kún un: wàá máa tú carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, dànù ju bó ṣe yẹ lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún, òòyì á pọ̀ sí i. Ohun tí ara rẹ ń bẹ̀ ọ́ fún lákòókò yẹn ni pé kó o dì í. Kó o le iṣan rẹ, kó o fún ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ padà sókè.

Ọ̀rọ̀ ojo kọ́ lèyí. Wọ́n fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bí i mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ le fún débi pé wọ́n ń sá fún un, ó sì máa ń wà nínú ẹbí. Béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ, ó ṣeé ṣe kó o gbọ́ ìtàn ẹnì kan nílé yín tí kì í lè wo ẹ̀jẹ̀. Èmi lè pa adìẹ, mo sì ti di ẹsẹ̀ àgbò mú nígbà Iléyá láìmọye ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ò ṣe mí ní nǹkan kan, ti èèyàn ló ń mú mi. Tí ẹnì kan bá fi irú ìyẹn sọ fún ọ pé ṣe lò ń díbọ́n, kò mọ ohun tó ń sọ.

Àdúrà ò burú, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ fi èyí tó kàn yìí kún un.

Dídi ara: ọ̀sẹ̀ kan gbáko

Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá kan ní Sweden, Lars-Göran Öst, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, títí dòní òun náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń mú dákú. Ìwọ àti àga lásán lo nílò. Tó o bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tó o lóyún, bá dókítà sọ̀rọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

1. Jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Di ẹ̀ṣẹ́. Le apá, itan, ìdí àti ikùn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fẹ́ gbé odó kúrò nílẹ̀. Má ṣe sé èémí. Máa mí bó o ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

2. Wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Ooru lójú lò ń wá: wàá mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀jẹ̀ ń gòkè bọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí. Tí ooru yẹn ò bá tíì dé, o ò tíì le ara tó.

3. Tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ ara nù bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Ṣáà padà sí bó o ṣe wà tẹ́lẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30.

4. Tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìjókòó kan nìyẹn. Ìjókòó márùn-ún lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan.

Tó bá ń fọ́ ọ lórí, o ti ń le ara jù, dín in kù díẹ̀. O lè ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì kó o tó dìde, nínú kíláàsì, nínú máàrúwá tó ń gbé ọ lọ sí ọsibítù, níbi tó o ti ń tò de omi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ò ń ṣe nǹkan kan.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àbúrò ti ń kùnà. Wọ́n á kà á, wọ́n á gbà á gbọ́, wọn ò ní fi ara ṣe é, àfọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn níwájú wọn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri nínú orí. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dín lára rẹ̀ ò lè kọ́ nǹkan tuntun lójú ẹsẹ̀. Ara ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọ̀sẹ̀ kejì wá ni tàwa nọ́ọ̀sì. Aláìsàn tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ lè di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ kejì, kó jẹ́ kí apá tí wọ́n ń gún rọ̀. Ìwọ ò lè di ẹ̀ṣẹ́, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ, ọwọ́ yẹn ò sì gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Nítorí náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń le ìsàlẹ̀ nìkan: itan, ìdí, ikùn, kí èjìká àti ọwọ́ wà ní rírọ̀. Kò rọrùn lákọ̀ọ́kọ́, èjìká á máa fẹ́ bá wọn le. Ohun tí mo máa ń ní káwọn tí mò ń tọ́ sọ́nà ṣe ni pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n le ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Lọ́jọ́ tí òwú bá ń wọlé láìjẹ́ pé itan dẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. O tún lè kọ ẹsẹ̀ kan lé ìkejì níbi tó o dúró sí, kó o fún itan méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Òun náà ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè.

Kó o tó jáde nílé

Jẹun. Mi ò lè sọ ọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíì àti bisikíìtì méjì ò tó ẹni tó máa dúró láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, iṣu sísè àti ẹyin, ìrẹsì àná tó o gbé kaná, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ àjẹkì kó o tó wọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, torí oúnjẹ tó wúwo ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ síkùn. Mo fẹ́ràn iyán bí gbogbo ọmọ Èkìtì, síbẹ̀ mo máa ń tọ́jú tèmi di ìgbà tí mo bá ṣíwọ́.

Mu píọ́ wọ́tà kan tán, ìyẹn 50cl, ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó o tó wọ ibi tó o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa wà. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ó sì ń dín dídákú kù.

Tó o bá ń gbààwẹ̀, yálà ti Ràmàdáànì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù láàárọ̀. Sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, tó bá ṣeé ṣe, kí n ṣe iṣẹ́ egbò láàárọ̀ kùtù." Jẹ sààrì tó lágbára, mu omi púpọ̀ sí i. Ara tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ ò nílò kí nǹkan tì í púpọ̀ kó tó ṣubú.

Nígbà ọyẹ́, òtútù àárọ̀ Adó lè mú kó o wọ kádígàn sórí aṣọ iṣẹ́. Bọ́ ọ kó o tó wọ wọ́ọ̀dù. Ooru ń fẹ òpó ẹ̀jẹ̀, wọ́ọ̀dù tí iná ò sí sì máa ń móoru ju bó o ṣe rò lọ.

Máa gùn ún díẹ̀díẹ̀

Sísá ló ń bọ́ ìbẹ̀rù yìí. Gbogbo ìgbà tó o bá yọ́ jáde nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ara rẹ á gbà pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́ àti pé sísá ló yọ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn. Àwòrán egbò nínú ìwé rẹ, kó o máa wò ó, kó o máa le ara, títí tó o fi máa wò ó láìsí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò gbígba ẹ̀jẹ̀, kó o kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fídíò iṣẹ́ abẹ. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ kan gba ẹ̀jẹ̀ rẹ ní kíláàsì níṣojú olùkọ́, kó o sì máa wo abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́ọ̀dù: lọ́jọ́ kan, dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wò lásán. Lọ́jọ́ kejì, gbé àwo dání. Lọ́jọ́ kẹta, ìwọ ni kó o tú báńdéèjì òde. Ọwọ́ tó níṣẹ́ ń ṣe kì í jẹ́ kí ìbẹ̀rù ráyè bẹ́ẹ̀ bí ojú tó kàn ń wò. Mo ti rí i láìmọye ìgbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣubú nígbà tó ń wòran kì í ṣubú mọ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Má kúrò níbì kan títí ẹ̀rù fi máa lọ sílẹ̀, àfi tó o bá fẹ́ ṣubú. Tó o bá sì jáde, padà wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, bó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Tó bá ti ń bọ̀

Òòyì yìí máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, tèmi máa ń kàn án pẹ̀lú yíyán. Tìrẹ lè jẹ́ òógùn tútù lókè ètè, ooru lọ́rùn, èébì tó ń gbé ọ, etí tó ń hó, ojú tó ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Mọ tìrẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà nínú àpò rẹ. Láti ìgbà tí ó bá ti kàn án sí ìgbà tí wàá ṣubú, ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, torí náà tẹ̀ lé e bó ṣe wà yìí:

Abẹ́rẹ́ ni kó kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Tó o bá ti gún aláìsàn, tú okùn tó o fi di apá, fa abẹ́rẹ́ jáde, fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, kó o ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí rẹ̀. Má gbìyànjú láti dé e. Tí ò bá sí àyè fún gbogbo ìyẹn, kígbe pe ẹni tó wà nítòsí kó gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Le itan àti ikùn lójú ẹsẹ̀. Sọ ọ́ jáde: "Mà, òòyì ń kọ́ mi." Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni, wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ orí lọ́wọ́ ilẹ̀. Ìtìjú ló ń mú ká dákẹ́, ká máa rò pé á tó kọjá, ẹni tó sì dákẹ́ ló máa ń fi orí lu irin bẹ́ẹ̀dì.

Fi ẹ̀yìn sún kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn, fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó o yọ̀ sílẹ̀ jókòó. Ilẹ̀ ni, kì í ṣe àga gíga. Má ṣe gbé ara jáde lọ wá afẹ́fẹ́ lọ́nà jíjìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣubú sí, níbi tí kò sẹ́ni tó máa gbá wọn mú. Tó o bá ti jókòó, gbórí wálẹ̀ sáàárín orúnkún tàbí kó o nà gbalaja kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́. Mo rí òógùn bí ìrì lókè ètè rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Mi ò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Itan." Ó gbọ́. Mo rí i bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nà, tí àwọ̀ sì padà sójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò yẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọ ìgò. Bàbá tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Tíátà

Yálà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ni wọ́n rán ọ lọ, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ọsibítù kékeré, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kó o tó wọlé, sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú tíátà pé òòyì máa ń kọ́ ọ. Á mọ ibi tó máa dúró sí nítorí rẹ. Wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún, tó ga dé orúnkún, tó o bá rí i. Má dúró gbọnrangandan bí òpó iná, tẹ orúnkún díẹ̀, máa ga lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó o sì máa padà, kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun máa fún ẹ̀jẹ̀ sókè.

Òórùn iná tí wọ́n fi ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń bá àwọn ẹni tuntun lójijì, òórùn ẹran tó jó ni. Mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Fún ojú rẹ níṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde lò ń wò, máa ka ìpele rẹ̀ nínú ọkàn bí wọ́n ṣe ń dé e: awọ, ọ̀rá, fascia (awọ líle tó bo iṣan), iṣan ikùn tí wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ láìgé e, peritoneum (awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn), ilé ọmọ. Ẹni tó ń dárúkọ nǹkan ti kúrò ní òǹwòran. Tó bá pọ̀ jù, gbójú lọ sí ibi orí aláìsàn, wo ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, kó o tún padà. Tó bá ń bọ̀, fi ẹ̀yìn sún. Má ṣubú síwájú láé, má sì fọwọ́ kan ohunkóhun tí wọ́n ti fi aṣọ àwọ̀ ewé bò.

Òórùn àti ìríra

Ìríra yàtọ̀ sí òòyì, a kàn máa ń pè wọ́n pọ̀ ni. Ìfúnpá lè má já rárá, inú á kàn máa rú ọ. Ọyún inú egbò, ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, èébì. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló le jù fún mi, mo lè wẹ egbò tó jìn dé eegun, kí n má sì lè wo inú ife kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Oníkálùkù ló ní tiẹ̀. Ṣíṣe é léraléra ló ń wò ó: ìgbà kẹwàá kì í rí bí ìgbà àkọ́kọ́.

Kó tó dìgbà náà, wọ ìbòmú méjì kó o fi róòbù tín-ín-tín sáàárín wọn, má fi sí awọ imú. Ṣí fèrèsé kó o tó tú egbò. Máa fi ẹnu mí. Fi omi iyọ̀ rin báńdéèjì tó ti gbẹ, kó o dúró kó rin dáadáa: kì í dun aláìsàn tó bẹ́ẹ̀, ìró yẹn náà ò sì ní wáyé. Ata ilẹ̀ díẹ̀ tó o jẹ kó o tó wọlé máa ń mú inú rírú rọlẹ̀. Tí èébì bá ń bọ̀ lóòótọ́, bo egbò náà, sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń bọ̀," kó o jáde.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní gbà lọ́wọ́ rẹ ni kó o yímú. Ẹni tó ń ṣàìsàn ti mọ̀ pé egbò òun ń rùn. Ó ti mọ̀ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà dípò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ ló ń wò báyìí. Bá a sọ̀rọ̀. Béèrè ìlú rẹ̀, Ọ̀mùò ni tàbí Ìjerò tàbí Èfọ̀n, béèrè oko rẹ̀, iye ọmọ tó bí. Àwọn àgbà wa máa ń padà sí ẹ̀ka èdè ìlú wọn tí ìrora bá mú wọn. Fetí sí i, gbìyànjú láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń gbà á kúrò nínú ìtìjú, ó sì ń gbà ọ́ kúrò nínú ìríra.

Tí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá dákú

Tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, tú ohun tó fún un lọ́rùn. Má da omi lé e lójú. Má fi ṣúgà tàbí omi sí i lẹ́nu títí á fi jí dáadáa. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó wà nílẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó dákú, kò túmọ̀ sí wárápá, má sì ki ṣíbí bọ ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó sábà máa ń lajú láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá jí, pe dókítà. Tó bá jí, jẹ́ kó sùn sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó jókòó, kó tó dìde. Ẹni tó bá fò dìde á tún ṣubú. Yẹ orí rẹ̀ wò bóyá ó gbá nǹkan.

Èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ lásán

Lọ rí dókítà tó o bá dákú láìsí ìkìlọ̀ kankan, tàbí nígbà tó ò ń sáré tàbí ń gbé ẹrù, tàbí nígbà tó o wà ní ìdùbúlẹ̀. Lọ tí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí tí ọkàn ń lù gìdìgìdì kó o tó ṣubú, tó o bá bu ahọ́n jẹ, tó o bá jí tí o ò mọ ibi tó o wà fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí yín bá ti kú lójijì rí. Kódà tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á, ní kí wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ wò, ṣúgà, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ tó. Nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù tàbí ibà tí kò tán lára lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín, òòyì á sì máa tètè kọ́ ọ. Tó o bá ti fi ara ṣe gbogbo ohun tí mo kọ yìí fún oṣù méjì tí kò sì yí padà, ní kí wọ́n fi ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kejì

Padà sọ́dọ̀ aláìsàn náà. Èyí ló ṣòro fún mi jù, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù kọjá kí màmá ẹlẹ́sẹ̀ yẹn má bàa rí mi. Nígbà tí mo wá kí wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú pé mo dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun láàárọ̀ yẹn. Mo ní mo ti jẹ iṣu. Wọ́n ní kí n fa àga yẹn sún mọ́ wọn, kí n jókòó ná, pé àwọn fẹ́ kí èmi ni kí n tú báńdéèjì náà.